Orí Kẹfà: Kí Ló Dé Tí Èrìgì Ṣì Ń Ṣẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Omi Ìfọnu?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti eyín ni mò ń kọ. Wọn a ní: "Mo ra omi ìfọnu tó ń pa kòkòrò. Ó ń ta mí lẹ́nu bí ata. Mò ń lò ó láàárọ̀, mò ń lò ó lálẹ́. Síbẹ̀, bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan èrìgì mi báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?"

Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà má ṣe ayédèrú rárá. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1683, ẹni tó sì kọ́kọ́ rí i kì í ṣe oníṣègùn. Oníṣòwò aṣọ ni, nílùú Delft lórílẹ̀-èdè Netherlands. Antonie van Leeuwenhoek ni orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gíláàsì tó ń sọ nǹkan kíún di ńlá. Gíláàsì náà kéré bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ ohun tí ojú ènìyàn kò rí rí ni ó fi ń rí. Kì í ṣe ọ̀bùn. Láràárọ̀ ni ó ń fi iyọ̀ fọ eyín, á fi omi ṣan án, á fi igi tín-ín-rín tọ àárín àwọn eyín inú lọ́hùn-ún, á sì fi aṣọ nù wọ́n. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, nígbà tó wo ẹnu ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí nǹkan funfun kan tó fara pamọ́ sáàárín eyín, tó ki bí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò. Ó ha á jáde, ó pò ó mọ́ omi òjò, ó wò ó. Ẹ̀dá alààyè ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn kan ń sáré kọjá bí ẹja nínú odò, àwọn mìíràn ń pòòyì bí òkòtó. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Royal Society ní London ní ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó sọ pé àwọn tó ń gbé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo pọ̀ ju àwọn ènìyàn tó wà ní odindi ìjọba kan lọ.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló kàn wá. Ó gba ọtí kíkan tó le gan-an sẹ́nu, ó pa eyín dé, ó ń tì í gba àárín eyín lọ bọ̀ léraléra, ó tu ú dànù, ó sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún ha nǹkan funfun náà jáde, ó wò ó. Àwọn ẹ̀dá náà ṣì ń ṣeré wọn lọ. Ó wá mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó tú u ká sínú omi, ó kán ọtí kíkan díẹ̀ sí i. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn kú. Ọtí kíkan lágbára tó láti pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó dúró síta ló pa. Àwọn tó wà nínú ilé kò mọ̀ pé ogun wọ̀lú.

Ìlú tí kòkòrò tẹ̀ dó sára eyín

Ẹni tó bá ti tọ́jú omi sínú dúrọ́ọ̀mù oníke rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ara dúrọ́ọ̀mù náà á máa yọ̀ lábẹ́ ìka yín. Ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn, ẹ po Hypo mọ́ ọn, ẹ mì í dáadáa, ẹ tún dà á nù. Òórùn á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án padà: ó ṣì ń yọ̀. Àfi kí ènìyàn tẹ̀ ba, kí ó fi kànrìnkàn bó o kí ó tó ṣí kúrò.

Irú nǹkan tó ń yọ̀ yẹn gan-an ló wà lára eyín wa. Ẹ fi ahọ́n yín ra eyín yín wò nísinsìnyí, níbi tí eyín àti èrìgì ti pàdé. Bí ó bá ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó mọ́. Bí ó bá dà bí ẹni pé òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, òun náà nìyẹn. Èérí eyín ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé èérí lásán ni, bí eruku orí tábìlì. Ìlú ni.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ dó nìyí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a fọ eyín tán, itọ́ á tẹ́ awọ kan tó fẹ́lẹ́ gidigidi sórí eyín. Awọ itọ́ yìí kò burú. Ó ń gba eyín lọ́wọ́ ohun kíkan. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n mọ bí a ti ń so mọ́ ọn. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á dì mọ́ eyín, wọ́n á máa pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn tí kò lè di eyín mú fúnra wọn á wá so mọ́ àwọn tó ti dé ṣáájú, bí ẹni tó ti oko wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé l'Ékòó. Wọ́n á fi ṣúgà inú oúnjẹ wa ṣe nǹkan kan tó ń fà bí àtè tí àwọn ọdẹ ẹyẹ fi ń dẹ igi, wọ́n á sì fi bo ara wọn. Nínú ìlú yìí, ọ̀nà wà tí omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá. Kọ̀rọ̀ wà tí afẹ́fẹ́ kì í dé, níbi tí àwọn kòkòrò tó kórìíra afẹ́fẹ́ ń gbé. Àwọn onímọ̀ ti ka irú kòkòrò tó lé ní 700 nínú ẹnu ọmọ aráyé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú wa, bí ìlú wọn kò bá ti tóbi jù, tí kò sì pẹ́ jù lójú kan.

Bí a bá fi ìlú náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kálísíọ̀mù inú itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sínú rẹ̀. Á gan. Á le koko, gẹ́gẹ́ bí nǹkan funfun tó máa ń gan mọ́ ìdí kẹ́tùlù tí a fi ń se omi kànga. Ó ti di òkúta eyín nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ká òkúta eyín, pákò kò lè ká a, kò sì sí omi ìfọnu tó lè yọ́ ọ. Irin iṣẹ́ oníṣègùn eyín ló ń ha á.

Kí ló wá da ìlú yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀? Èrìgì kò lẹ̀ mọ́ eyín pinpin láti òkè. Ó yí eyín ká bí ọrùn ẹ̀wù ṣe ń yí ọrùn ènìyàn ká, àyè tóóró kan sì wà láàárín wọn tí jíjìn rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 3 lọ bí èrìgì bá le. Ẹnu àyè yìí ni èérí eyín fẹ́ràn láti jókòó sí. Ìdọ̀tí tí àwọn kòkòrò ń yà á máa sun wọ inú èrìgì. Ara á gbọ́, á rán ọmọ ogun rẹ̀ wá. Kí wọ́n lè ráyè kọjá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀, á wú, awọ inú èrìgì á sì tín-ín-rín. Èrìgì tó yẹ kó le dáadáa á wá pọ́n, á rọ̀, á máa dán. Nígbà náà ni búrọ́ọ̀ṣì á kàn án, ẹ̀jẹ̀ á yọ.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n rò pé búrọ́ọ̀ṣì ló ṣe èrìgì léṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ojú ibẹ̀, wọ́n sì fi omi ìfọnu rọ́pò fífọ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n fọ̀ jù lọ gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìlú kòkòrò ń fẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì tún ra ìgò mìíràn.

Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, gbé ìwádìí kan jáde tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn. Wọ́n kó ènìyàn 12 jọ tí èrìgì wọn le, wọ́n ní kí wọ́n má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn pátá ti wú. Wọ́n wá ní kí wọ́n máa fọ eyín padà dáadáa. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí èrìgì wọn fi padà bọ̀ sípò. Kò sí oògùn kankan nínú ìwòsàn náà. Ìlú tí wọ́n tú ká ni.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí pé ó fi hàn pé èrìgì wíwú ṣeé yí padà. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣeé yí padà. Nínú àwọn kan, pàápàá àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí àtọ̀gbẹ ń bá jà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì lọ sílẹ̀, wíwú náà á wọ ìsàlẹ̀. Àyè tóóró yẹn á jìn, á di àpò, egungun tó di eyín mú á sì máa jẹ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Àrùn ìdí eyín ni mò ń pe èyí. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn tí àrùn ìdí eyín tó le bá. Nígbà tí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, egungun ti lọ.

Oògùn tó ń lẹ̀

Ṣé omi ìfọnu kò wá wúlò ni? Ó wúlò. Ohun tó lè ṣe ló yẹ ká mọ̀.

Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni chlorhexidine. Ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ICI, ló ṣe é, ó sì ti jáde ní àárín àwọn ọdún 1950 fún fífọ ojú ọgbẹ́ àti awọ ara. Ní ọdún 1970, Löe kan náà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Schiøtt, gbé e dé ẹnu. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má fọ eyín, àmọ́ kí wọ́n máa fi mílílítà 10 omi chlorhexidine tó jẹ́ ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èérí eyín kò ráyè gbára jọ. Èrìgì wọn kò wú.

Ẹni tó bá ka èyí á ní: ṣé ẹ rí i, omi ìfọnu nìkan tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fọ eyín àwọn ènìyàn náà mọ́ tónítóní kí wọ́n tó gbé ìgò fún wọn. Orí ilẹ̀ tó mọ́ ni oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń lé àwọn àlejò padà kí wọ́n tó pàgọ́. Kì í ṣe ìlú tó ti dúró ló wó. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ orí yìí dá lé.

Bí ó ṣe ń lé wọn padà dára láti mọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ya irun yín pẹ̀lú kóòmù oníke, kí ẹ sì gbé kóòmù náà sún mọ́ bébà tí a ya wẹ́wẹ́. Bébà á fò mọ́ ọn. Agbára iná kékeré kan ló ń ṣe é: méjì rẹ̀ ló wà, ọ̀kan ń fa èkejì mọ́ra bí akọ àti abo. Ojú eyín, awọ inú ẹnu àti ara kòkòrò àìfojúrí ní irú kan nínú iná yìí. Chlorhexidine ní èkejì. Nítorí náà, bí a bá ti gbé e sẹ́nu, kì í ṣe pé ó kàn kọjá lọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò. Èyí tó lẹ̀ mọ́ kòkòrò á ya awọ rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa jò jáde bí omi inú ọ̀rá tí abẹ́rẹ́ gún. Èyí tó lẹ̀ mọ́ eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí 12. Agbára yìí ni mò ń pè ní ìlẹ̀mọ́. Ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò yá-n-yá nínú ìgò kò ní ìlẹ̀mọ́ rárá. Bí a bá ti tu wọ́n dànù, itọ́ á gbé ìyókù wọn mì, iṣẹ́ ti parí.

Ìlẹ̀mọ́ yìí kan náà ló ń dá àléébù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín hó ní irú iná tí chlorhexidine ń wá, nítorí náà bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́nu, wọ́n á dì mọ́ ara wọn, oògùn á sì di asán. Ó yẹ kí a fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín wọn. Bákan náà ni àwọ̀ tíì àti kọfí ń rí ohun dì mọ́: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eyín àti ahọ́n lè dúdú bí ẹni pé a fi epo igi pa á. Àwa tí a ní funfun niyì eyín kò ní fẹ́ràn ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣègùn eyín lè bó o kúrò. Ẹnu kì í mọ adùn iyọ̀ dáadáa mọ́. Òkúta eyín náà lè yára pọ̀. Bí ara bá ń yún ènìyàn tàbí tí ojú rẹ̀ wú lẹ́yìn tó lò ó, kó sáré gba ilé ìwòsàn lọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè pani.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ Cochrane kó ìwádìí 51 lórí chlorhexidine jọ. Ohun tí wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dín èérí eyín kù gan-an. Ṣùgbọ́n nípa èrìgì, ìyàtọ̀ tó mú wá fún àwọn tí èrìgì wọn wú díẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹ̀rí tó tó láti sọ ohun tó ń ṣe fún àwọn tí tiwọn ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi ń kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré: fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́nu, ẹni tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ dá tí wọ́n fi wáyà di, tàbí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè mú búrọ́ọ̀ṣì.

Efínrín inú ìgò

Omi ìfọnu tó ń ta lẹ́nu, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 1879, dókítà kan ní St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Joseph Lawrence, po òróró ewé bíi mélòó kan mọ́ ọtí líle láti fi fọ ojú ọgbẹ́. Ó sọ ọ́ ní Listerine, láti fi bu ọlá fún Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ ayé láti máa pa kòkòrò kí wọ́n tó gbé abẹ. Irú òróró bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ títí dòní, thymol sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn.

A mọ thymol. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Ẹ já ewé efínrín ní ẹ̀yìn ilé, ẹ fi àtàǹpàkò rún un, ẹ gbé e sí imú. Òórùn gbígbóná tó ń wọni lágbárí yẹn, èyí tó jọ ti ilé ìwòsàn díẹ̀, thymol ni. Òróró efínrín tó ń hù ní Nàìjíríà kún fún un. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa gbọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni pé ohun tí ìyá wọn fi ń se àgbo inú rírun àti èyí tó wà nínú ìgò olówó ńlá náà, ọ̀kan ni wọ́n.

Thymol fẹ́ràn ọ̀rá. Ara kòkòrò àìfojúrí ní awọ tí a fi ọ̀rá hun. Thymol á wọ inú awọ yẹn bí epo ṣe ń wọ inú aṣọ, á sì tú u, kòkòrò á máa jò. Ó ń wọ inú èérí eyín díẹ̀, àmọ́ kò ní ìlẹ̀mọ́ tó chlorhexidine. Àwọn tó ń fọ eyín wọn dáadáa tí wọ́n sì ń fi irú omi yìí kún un fún oṣù mẹ́fà máa ń ní èérí tó kéré ju àwọn tó ń fọ̀ ọ́ nìkan lọ, kì í sì í pa eyín láró tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí a wá gún efínrín kí a fi omi rẹ̀ ṣan ẹnu? Kò lè pa wá lára, ó sì máa ń mú ẹnu ta sánsán. Ṣùgbọ́n òróró kì í yọ́ nínú omi. Nítorí èyí ni Lawrence fi lo ọtí: ó fẹ́ ohun tí òróró á yọ́ sí. Nínú efínrín tí a gún, púpọ̀ nínú thymol á wà lára pàǹtí tí a sẹ́ dànù. Omi tí a bá sì tọ́jú sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́rin lè ti ní kòkòrò tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lo tuntun.

Ọtí inú Listerine ti àtètèkọ́ṣe tó ìdá 26.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún ọtí bíà lọ. Èyí tí kò ní ọtí wà lọ́jà báyìí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ lo omi ìfọnu kankan, nítorí gbígbé ni yóò gbé e mì.

Omi iyọ̀ ńkọ́? Gbogbo wa ti rí ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín: ó ń fa omi ara rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè ṣe fún kòkòrò, bí ó bá pọ̀ tó, tó sì pẹ́ tó. Ìlàjì ṣíbí tíì nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan kò tó láti pa wọ́n. Ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò, ó sì ń tu ibi tó ń ro lára, nítorí náà ó dára fún ẹni tí wọ́n yọ eyín fún, lẹ́yìn wákàtí 24. Ewé gúáfà àti èèpo kajú ńkọ́? Wọ́n ní tannin, ohun tó máa ń fún ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe awọ ẹran kí ó má bàa rà. Ó ń mú kí èrìgì fún pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í tú ìlú kòkòrò.

Pákò: oògùn àti kànrìnkàn

Ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀ kí ó tó fọ ẹnu. Bí a bá kúnlẹ̀ kí i, orí ló máa mì sí wa. Á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á ti pákò Ìjẹ̀bú bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á sì máa rún un títí orí rẹ̀ á fi ya bí ìrùkẹ̀rẹ̀ kékeré. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Eyín kọ̀ọ̀kan ló ń fún ní tirẹ̀: á fi pákò rá a láti ìdí èrìgì wá sí orí, á tu itọ́, á bọ́ sí èkejì. Kì í yára. Ògì tí a gbé kaná á hó kí ó tó parí.

Ní ìgbà yẹn, mo rò pé kíkorò pákò náà ló ń ṣiṣẹ́. Ní báyìí, mo mọ̀ pé méjì ni iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́nu ìyá àgbà. Okùn igi náà ń tú ìlú kòkòrò ká, oje rẹ̀ sì ń bá àwọn tó fọ́n ká jà nígbà tí wọn kò ní ilé mọ́. Ohun tí Leeuwenhoek ṣe lábẹ́ gíláàsì nìyẹn, nígbà tó tú èérí ká kí ó tó kán ọtí kíkan sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn, dán oje àwọn orín ilẹ̀ wa wò lórí kòkòrò àìfojúrí, wọ́n sì rí i pé agbára wà nínú wọn. Orín àtá, tó máa ń mú ahọ́n kú tipiri, wà lára àwọn tí a ti yẹ̀ wò jù. Ní Íńdíà, wọ́n ti fi omi dongoyaro wé chlorhexidine láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èérí eyín àti ẹ̀jẹ̀ èrìgì sì dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lo méjèèjì. Ìwádìí wọ̀nyẹn kéré, wọn kò sì pẹ́, nítorí náà n kò ní sọ pé dongoyaro ti bá chlorhexidine dọ́gba. Ó tó ohun tí a lè kà sí.

Pákò náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀yìn eyín, níhà ahọ́n, ṣòro fún un, àárín eyín sì ṣòro jù. Ẹni tó bá sì ń fi agbára rá a síwá sẹ́yìn lè ti èrìgì sẹ́yìn títí gbòǹgbò eyín á fi hàn síta. Láti ìdí èrìgì wá sí orí eyín ni kí ẹ máa rá a, bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó ń fi oògùn apakòkòrò ṣan ẹnu lójoojúmọ́ mọ̀. Lórí ahọ́n wa, àwọn kòkòrò kan wà tó ń ṣe wá lóore. Bí a bá jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, náítíréètì inú rẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀, á tún padà jáde nínú itọ́. Àwọn kòkòrò yìí á sì yí i padà di ohun tí ara fi ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní London fún ènìyàn 19 tí ara wọn le ní omi chlorhexidine láti fi ṣan ẹnu fún ọjọ́ méje. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn fi bíi 2 sí 3.5 mmHg ga sí i. Kò pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ sọ chlorhexidine di ohun tí yóò máa lò lọ títí láìsí pé dókítà mọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó bi mí ní ìbéèrè. Èrìgì rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí pé ìlú kan ṣì wà lábẹ́ etí rẹ̀ tí omi kò lè wọ̀. Mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tàbí pákò, kọ́kọ́ dojú kọ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an, rọra ṣe é, fún un ní ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o sì fi òwú eyín tọ àárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ á yọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Á yọ ní ọjọ́ kejì. Má ṣe dúró. Bí o bá fẹ́ omi ìfọnu lẹ́yìn ìyẹn, lò ó; ìgbà yẹn ló tó rí iṣẹ́ ṣe.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tàbí tí eyín ń mì, tàbí tí ọyún ń jáde, ó ṣeé ṣe kí òkúta eyín tàbí àpò wà níbẹ̀. Lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, yálà ní UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Ílé-Ifẹ̀, tàbí èyí tó bá sún mọ́ ọ jù. Jẹ́ kí wọ́n ha òkúta eyín náà kúrò kí o tó náwó lé ìgò mìíràn.